Ẹ̀rọ Tó Jẹ Kéwú Bàríkísù

Bí inú bá ń bí Binta, kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, títí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á fi na ọrùn kó tó gbọ́ ohun tó ń wí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní Challenge, nílùú Ìlọrin, mọ̀ pé bí ohùn yẹn bá ti dé ìsàlẹ̀, ó yẹ kéèyàn ti máa wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Àlájì Táòfíkì tó gbà á síṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fọláránmi ni kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó mọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí obìnrin náà í ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń bíni nínú, bí a bá sì ti ìbínú bẹ̀rẹ̀, a ò ní sọ ọ́ já.

Àgbẹ̀ ni àwọn òbí Binta, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Àfọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà-Ọba, tí wọ́n sì fà á lé Àfáà Àbdùlkàdírì lọ́wọ́ nílé kéwú. Àfáà Kàdírì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkùnrin náà ní ìwà kan: bí ọmọ bá ń ka kéwú, kì í wo ojú ọmọ. Ògiri ló máa ń kọjú sí, etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí lẹ́tà kan bá jábọ́ lẹ́nu ọmọ, á fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà á sì padà sẹ́yìn lọ mú lẹ́tà rẹ̀. Kò fọwọ́ kan Binta rí. Ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀ yẹn ti tó ẹgba.

"Lẹ́tà kan péré lè sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di ọ̀rọ̀ míì," ni Àfáà máa ń wí. "Ẹ má kó mi sẹ́ṣẹ̀ o."

Àṣà kan wà nílé kéwú rẹ̀ tí ẹ ò ní bá níbòmíràn. Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, tí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un, tó jókòó nínú aṣọ funfun láàárín àwọn àfáà, tó sì ka kéwú rẹ̀ títí dé Súrà Náàsì tó kẹ́yìn, Àfáà Kàdírì fúnra rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fún ọmọ náà ní wàláà tó fi kọ́ kéwú láti kékeré, kó gbé e lọ sílé ọkọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàláà á dúró lára ògiri ilé kéwú, gbogbo ẹni tó bá wọlé á sì rí i. Wàláà Binta ti wà nílé rẹ̀ ní Ṣàngó láti ọdún 1988, pátákó dúdú kan tí etí rẹ̀ ti yọ́. Ó máa ń nù ún ju bó ṣe ń nu tẹlifíṣọ̀n lọ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló kọ́ṣẹ́ taípù. Ó taípù fún ìjọba fún ọdún mẹ́rin, wọ́n dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ló bá di ará bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Challenge. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ pàdé kọ̀ǹpútà. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni pé ó máa bú gbàmù. Binta ní tirẹ̀ á dúró lẹ́yìn iṣẹ́, á máa tẹ ibi gbogbo wò, á máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Nígbà tí Àlájì Táòfíkì, tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì wáàsí àti ti wákà ní Ọjà-Ọba, ra kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́dún 1996, tó sì ṣí stúdíò ní Challenge, ó ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó tún gbọ́ kéwú, torí wòlímọ̀ ni iṣẹ́ tó ń wọlé jù. Binta nìkan ni méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti lọ síbi wòlímọ̀ rí ní Ìlọrin mọ ibi tí wàhálà wà. Iná á lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì gbé e sẹ́bàá ibi tí ìyàwó jókòó sí gan-an, bí ẹni pé wọ́n fìwé pe òun náà. Ohùn ọmọ á wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ti jẹnẹrétọ̀ á gùn ún lẹ́yìn. Plọ́gìn kan ló ń bá Binta yọ ọ́. Plọ́gìn ni wọ́n ń pe àwọn prógírámù kéékèèké tí kò lè dá dúró, àfi kí wọ́n so wọ́n mọ́ prógírámù ńlá tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí wọ́n máa bá a ṣiṣẹ́. Èyí tí à ń wí yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀: kó yọ ariwo kúrò lára ohùn. Ó ní ìwọ̀n kan tó lọ láti òdo dé ọgọ́rùn-ún, bó bá ṣe ga tó ló ṣe máa yọ ariwo tó. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àti èémí ènìyàn. Bí èèyàn bá gbé e ga jù, á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àwọn lẹ́tà tí atẹ́gùn ń gbé jáde lẹ́nu, síìnì, fáà, háà, á jẹ wọ́n tán pátápátá.

Oṣù mẹ́rin ni Binta fi wádìí rẹ̀. Wákà lè gba ogójì. Wáàsí lè gba ọgbọ̀n. Kéwú kò gbọdọ̀ kọjá méjìdínlógún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ méjìdínlógún lẹ́ẹ̀mejì.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, tí wòlímọ̀ Bàríkísù fi dé. Ọmọ ilé kéwú Àfáà Kàdírì ni Bàríkísù náà, ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ yẹn, àìsàn gbé Àfáà dè, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè jókòó, ká má tilẹ̀ sọ pé ó fẹ́ jáde. Ó ní kí wọ́n gba kéwú ọmọ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún òun, bí ara òun bá yá díẹ̀ òun á gbọ́ ọ. "Binta ni kó gbà á," ó wí. "Binta mọ ohun tí mo máa ń tẹ́tí sí."

Ọjọ́ Sátidé ni Binta gbà á. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kó o sínú kọ̀ǹpútà, ó so plọ́gìn mọ́ ọn, ó fi ìwọ̀n sí méjìdínlógún. Kásẹ́ẹ̀tì tó gbé lọ síbi ayẹyẹ, Àlájì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti gba wáàsí míì lé e lórí, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì. Ó ku kí Binta da iṣẹ́ náà sí kásẹ́ẹ̀tì tuntun ni Àlájì bá ní kó máa lọ sí Ọ̀mù-Àrán, kó lọ gba orin ìkórè ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Fọláránmi á bá ẹ parí èyí," Àlájì wí.

Fọláránmi yìí, kọ̀ǹpútà ló ń tà. Ó ti gbé Èkó fún ọdún méjì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Táì wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ wà níbàdí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí. Ó ti ń yí Àlájì lẹ́yìn láti ìgbà ọdún iléyá tó kọjá, pé kó ra kọ̀ǹpútà tuntun, prógírámù tuntun, pé ti àtijọ́ ti dàgbà. Bí Binta ṣe wọ mọ́tò Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n gbé tuntun wọlé. Nígbà tó fi máa dé ní Sátidé, wọ́n ti da àwọn iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kọ sínú tuntun, àtijọ́ ti lọ, Fọláránmi ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ láti fi dín owó tuntun kù, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó sórí àga Binta.

Binta gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró títí Fọláránmi fi lọ jẹun, ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ tuntun náà. Plọ́gìn rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó fi ìwọ̀n sí méjìdínlógún, ó tọ́jú iṣẹ́, ó tì í. Ó tún un ṣí. Ọgọ́rùn-ún ló bá níbẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọgọ́rùn-ún. Prógírámù tuntun gba plọ́gìn àtijọ́ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a tọ́jú ohun tí wọ́n bá sọ fún un, nítorí náà bí wọ́n bá ti ń ṣí i ló ń padà síbi tí àwọn tó ṣe é fi í sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oògùn tí dókítà ní ká fi ṣíbí kan mu, ìgò ló ń gbé sẹ́nu.

"Àlájì," Binta wí nígbà tí ọkùnrin méjèèjì wọlé, "plọ́gìn yìí àti prógírámù tuntun yìí ò mọwọ́ ara wọn. Ó ń ṣí, àmọ́ kì í rántí nǹkan. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣe kéwú."

Fọláránmi rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Binta, ṣé ó ṣí àbí kò ṣí? Ohun tó bá ti ṣí, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ayé ti ń lọ, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," Binta wí, ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, "kò lè ní àkísà bí àgbà. Kásẹ́ẹ̀tì Bàríkísù ńkọ́? Ta ló parí ẹ̀?"

"Èmi ni. Ó ti lọ láti Tọ́sìdeè. Ó mọ́ lóló! Ẹ ò lè gbọ́ jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ rárá."

"Ìwọ gbọ́ kéwú ni, tó o fi mọ̀ pé ó mọ́?"

"Binta!" Àlájì dá a dúró. "Haba! Fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Láti òní lọ, iwájú ni kó o máa wà. Máa bá wa ta kásẹ́ẹ̀tì, máa kọ orúkọ sí wọn lára. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára."

Ọwọ́ ìkọ̀wé! Ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí fi gbé stúdíò náà ró, ọwọ́ ìkọ̀wé ni wọ́n rí.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ ti Binta, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ nígbà tó yá. Ó yẹ kó lọ sílé Ìyá Bàríkísù lọ́jọ́ náà gan-an, kó ní kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i kóun gbọ́. Kò lọ. Inú bí i, ó jókòó síwájú, ó ń kọ orúkọ sára kásẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé bó bá bàjẹ́ tán wọ́n á wá bẹ òun. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró de ẹ̀bẹ̀.

Ìyá Bàríkísù ló wá, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, kò sì wá bẹ̀bẹ̀. Ó ju kásẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, ìdérí rẹ̀ fò lọ.

"Binta, kí lọmọ mi fi ṣe ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ara Àfáà ti le díẹ̀. Wọ́n gbé e jókòó lánàá, a fi kásẹ́ẹ̀tì sí i fún un. Ó kọjú sí ògiri. Kò pẹ́, ó kan ilẹ̀. Ó tún kan ilẹ̀. Binta, ó ń kan ilẹ̀ títí ọwọ́ kan tó kù fún un fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé Súrà Náàsì, kò kàn án mọ́. Ó ní ká pa téèpù. Ó ní ọmọ tóun kọ́ fún ọdún mọ́kànlá ló ń gbé síìnì mì báyìí." Obìnrin náà fi ìbòrí nu ojú, ó sì tún bú jáde. "Bàríkísù ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná, kò sí níbí kó wá tún un kà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń lọ bá wọn ní Jímọ̀, ó wá gba wàláà lọ́wọ́ mi, mo ní kò sí wàláà. Ṣé o mọ ohun tó wí? Ó ní àbí wọ́n ti fọmọ tí ò mọ nǹkan kan tan àwọn jẹ ni."

Binta ṣa ìdérí kásẹ́ẹ̀tì nílẹ̀.

"Àfáà tún bèèrè nǹkan kan," Ìyá Bàríkísù wí. "Ó ní, 'Binta gbọ́ èyí, Binta sì gbé e fún mi?'"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Binta lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi sínú téèpù, ó tẹ́tí. Lóòótọ́ ni kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀. Ohùn ọmọ náà ń bọ̀ bí ti ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, fáà ti lọ, háà ti lọ, nígbà tó sì dé Súrà Náàsì, tí síìnì ń parí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí síìnì kan ṣoṣo níparí ẹsẹ̀ kankan. Binta rántí bí Bàríkísù ṣe kà á lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sún mọ́ ọn débi pé ó rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan jábọ́.

Ó wọ inú lọ. Àlájì àti Fọláránmi wà níbẹ̀. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, ó ní kí wọ́n gbọ́.

"Kí ló ṣe é?" Fọláránmi bèèrè. "Ṣebí ó mọ́."

"Kò mọ́. O ti jẹ ẹ́ tán." Ohùn Binta ti lọ sílẹ̀ pátápátá, Fọláránmi na ọrùn. "Plọ́gìn wà ní ọgọ́rùn-ún. Mo sọ fún yín. Mo fẹnu ara mi sọ fún yín. Ṣí ti àkọ́kọ́ fún mi, èyí tí plọ́gìn ò tíì fọwọ́ kàn."

Fọláránmi wo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. "Kò sí. Mo ti tọ́jú èyí lé e lórí. Gbogbo iṣẹ́ ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí inú ẹ̀rọ má bàa kún."

"Gbogbo iṣẹ́?"

"Binta, má sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá," Àlájì wí. "Mú kásẹ́ẹ̀tì wákà méjì fún Ìyá Bàríkísù, ká fi bẹ̀ ẹ́. Wòlímọ̀ mélòó la ti ṣe láti ìgbà tí tuntun ti dé? Ta ló ráhùn? Ẹnì kan ṣoṣo yìí ni."

Kásẹ́ẹ̀tì wákà méjì! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run já lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, wàláà rẹ̀ há sára ògiri, Àlájì tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì fẹ́ fi wákà tán an. Ẹni bá ní inú kò yẹ kó bíni níbẹ̀ yẹn, kó wá jókòó sípò Binta wò.

"Níbo ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà?" Binta bèèrè. Bí Fọláránmi ò bá na ọrùn dáadáa, kò ní gbọ́.

"Mo ti tà á. Bọ́sẹ̀dé ló rà á, ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ṣàngó. Lọ́la ni mò ń lọ bá a pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́."

Binta mú ìwé rẹ̀ tó ní ìlà pupa, ó fa téèpù tó jẹ́ tirẹ̀ yọ kúrò lára iná, ó gbé e sábẹ́ apá. Àlájì pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Òun àti Ìyá Bàríkísù ti wọ táksí.

Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó dé gèlè dúdú ni Bọ́sẹ̀dé, ó ń taípù lẹ́tà fún tíṣà kan nígbà tí wọ́n wọlé bá a. Binta kí i tán, ó ro ẹjọ́ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bọ́sẹ̀dé wo Ìyá Bàríkísù, ó wo ojú rẹ̀ tó ti wú. Ó ní kí tíṣà náà forí jì í kó padà wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ló bá dìde lórí àga.

Binta jókòó. Ẹ̀rọ náà ń kùn bó ṣe máa ń kùn, ó sì pẹ́ kó tó ṣí bó ṣe máa ń pẹ́. Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, orúkọ Bàríkísù wà lára rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Ó ṣí i, ó wo ojú plọ́gìn. Méjìdínlógún ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fi í síbẹ̀, kò gbàgbé. Omi bọ́ lójú Binta, inú sì tún ń bí i, nítorí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ti dàgbà ló rántí ohun tí àwọn ènìyàn gbàgbé.

Ó so téèpù rẹ̀ mọ́ ọn, ó da iṣẹ́ náà sí kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Bọ́sẹ̀dé dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi parí, ó ní kó fi èyí tó bàjẹ́ sí i kóun gbọ́ ọ wò, ó sì gbọ́ ọ.

"Mi ò gbọ́ kéwú o," ó wí. "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe èyí tó bàjẹ́ yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó sì má wulẹ̀ wá síbí lọ́la. Mi ò ní jẹ́ kó pa nǹkan kan rẹ́."

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni wọ́n dé ilé Àfáà lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé e jókòó. Ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lára ògiri lókè rẹ̀, wàláà Bàríkísù nìkan ló kù níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Binta ni, Àfáà."

Bàbá náà fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. Ó kọjú sí ògiri. Binta kúnlẹ̀, ó tan téèpù.

Kéwú náà bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, díẹ̀ báyìí, ohùn ọmọ náà sì jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Àfáà gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Bàríkísù di apá Binta mú, ṣùgbọ́n bàbá náà rọra gbé e sílẹ̀ láìkan ilẹ̀. Nígbà tó dé Súrà Náàsì, ètè rẹ̀ ń bá ọmọ náà lọ, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo síìnì pé.

"Jẹnẹrétọ̀ ta nìyẹn?" ó bèèrè nígbà tó parí.

"Ti bàbá Bàríkísù ni, Àfáà."

"Kó lọ tún un ṣe." Ó wá nawọ́ sí wàláà. "Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fún ìyá ọkọ rẹ̀ kó gbé e lọ fún un. Ẹ sọ fún un pé èmi Àbdùlkàdírì ló gbọ́ ọ."

Ìyá Bàríkísù gbé wàláà náà mọ́ àyà, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́, ó tún ń gbé ẹ̀rọ tuntun náà ṣépè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Binta tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àfáà, ó sọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe àti ohun tóun náà kò ṣe. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àfáà ṣì kọjú sí ògiri. "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mẹ́ta, Àfáà."

"Àwọn ọmọ míì wo ló tún jẹ?"

Binta ka wọ́n lọ́kàn. Ó mọ̀ wọ́n. Òun ló ń kọ orúkọ sára kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára. Ìyàwó méje. Inú ẹ̀rọ tuntun nìkan ni wọ́n kó tiwọn sí, Àlájì ti gba wáàsí lé kásẹ́ẹ̀tì ibi ayẹyẹ wọn lórí, Fọláránmi ti tọ́jú èyí tó bàjẹ́ lé èyí tó dára lórí, kò sì sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kankan tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó lè dá síìnì àwọn méje yẹn padà mọ́ láé.

"Kò sẹ́ni tó ráhùn, Àfáà," ó wí.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Àlájì ló jáde lẹ́nu òun.

Àfáà Kàdírì gbé ọ̀pá rẹ̀, ó kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Binta kò lọ síbi iṣẹ́. Orúkọ méje ló kọ sínú ìwé rẹ̀ tó ní ìlà pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ Ọjà-Ọba jù. Agbo ilé ńlá ni, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, àwọn obìnrin ń gúnyán lójúde. Kò wọ inú yàrá lọ, kò fa ìyá ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú ń bí i gidigidi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró láàárín agbo ilé, ó ké débi pé àwọn tó ń gúnyán dá ọwọ́ dúró.

"Bí ẹnikẹ́ni bá fi kásẹ́ẹ̀tì wòlímọ̀ ọmọ yín sí i, tó ní kò mọ kéwú, irọ́ ni! Ọmọ yín kà á pé. Àwa la gé e. Stúdíò Àlájì Táòfíkì ní Challenge, àwa la gé e!"

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sàmì sí orúkọ kan. Ó ku mẹ́fà.